Ogóje Àmì Lórí Káàdì

Dókítà Kabwea yí ìwé èsì náà sọ́dọ̀ Rotia, nọ́ọ̀sì rẹ̀, ó fi ìka tẹ ìlà kan tí wọ́n fi bírò pupa kọ. "Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Aroita nìyẹn," ó ní. "Wò ó."

Rotia wò ó. Kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù kejì, ó ti mọ́ tónítóní. Oṣù karùn-ún rèé, tó kù díẹ̀ kí obìnrin náà dágbére fún oògùn, kòkòrò ti padà, wọ́n sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Dókítà gbé káàdì ìtọ́jú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé èsì. Ogóje ọjọ́, ogóje àmì, ọ̀kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí nọ́ọ̀sì fojú rí i tó gbé oògùn mì, kò sí ọjọ́ kan tó fò. Ọgọ́rin ilé ni wọ́n ń tẹ̀ lé lẹ́yìn nínú ìwádìí yìí ní erékùṣù Betio, kí wọ́n lè mọ àwọn tí oògùn ń wò sàn àti àwọn tí kò wò, kò sì sí káàdì tó mọ́ tó èyí tó ń ti ọwọ́ Rotia jáde. Dókítà a máa fi wọ́n han àwọn nọ́ọ̀sì tuntun. Ọmọ erékùṣù Abemama ni dókítà náà, kì í pariwo, kì í tètè bínú, ohun tó sì ń ba Rotia lẹ́rù jù lára rẹ̀ nìyẹn, nítorí ẹni tí kì í bínú, èèyàn kì í mọ bí ìbínú rẹ̀ yóò ti tó.

"Bó bá jẹ́ pé ó ń fo oògùn ni, ọ̀rọ̀ yìí ì bá yé mi," ni dókítà wí. "Kò sì fo ọjọ́ kan. A jẹ́ pé kòkòrò náà ti kọ́ bó ṣe ń bá oògùn jà nìyẹn. Ẹ̀rọ tí ì bá là á yé wa ti dúró láti oṣù tó kọjá, èsì láti ilé àyẹ̀wò ní Brisbane á sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mi ò lè fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọmú nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lọ́la ni wọ́n máa gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù àdádó."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n á já a lẹ́nu ọmú." Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní oògùn líle tí wọ́n máa fún un lè dà á nínú rú fún oṣù mẹ́sàn-án, ó sì lè ba iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n kí ni èèyàn yóò ṣe? Lẹ́yìn náà ló wo ojú Rotia. "Ìwọ fúnra ẹ rí i tó ń gbé e mì, lójoojúmọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, dókítà."

Ó sọ ọ́ kíá, bí ẹni tí wọ́n bi pé ṣé ó ti jẹun. Ó jáde. Ó lọ jókòó sórí kọnkéré abẹ́ táǹkì omi lẹ́yìn kílíníìkì.

Irọ́ ni. Láti bí oṣù mẹ́ta, ọjọ́ Ajé nìkan ló ń fojú kan Aroita. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ò sì ju báyìí lọ: ìyá ọkọ Aroita, Nei Bwereti, tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ìyá Rotia láti erékùṣù kan náà, tẹ́ ẹní fún un lọ́jọ́ kan, ó bu karewe tútù, ẹmu àgbọn tí kò tíì kan, fún un mu, ó wá jókòó síwájú rẹ̀. Ó ní gbogbo àárọ̀ ni yunifọ́ọ̀mù funfun yẹn ń wọ agboolé àwọn, gbogbo àdúgbò sì ń kà á. Ó ní àwọn èèyàn ò wá bu iná lọ́dọ̀ àwọn mọ́. "Ọmọ mi," ó ní, "mo bubuti ẹ. Máa fi oògùn ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún wa."

Bubuti kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ lásán. Bí ẹbí bá ti la ẹnu pe ọ̀rọ̀ ní bubuti, ohun tó tọrọ ti kúrò ní ti oní-nǹkan nìyẹn, ìbáà ṣe ẹlẹ́dẹ̀, ìbáà ṣe kẹ̀kẹ́, ìbáà ṣe ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ kò ní lójú láti jókòó nínú maneaba mọ́, níbi tí ìran gbogbo ti ń pàdé, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni wọn yóò sì máa fi ọ̀rọ̀ náà bú. Rotia fún un. Ó rò pé Aroita kì í ṣe aláìbìkítà, òfìfo ike oògùn sì ń pé ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Yóò jókòó sí kílíníìkì, yóò fa àmì méje lẹ́ẹ̀kan náà, yóò máa pààrọ̀ bírò kó má bàa jọ iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ohun téèyàn bá sì ṣe fún ilé kan ní Betio, kì í pẹ́ kí ilé kejì tó gbọ́.

Lábẹ́ táǹkì yẹn, ó gbìyànjú láti ro ọ̀rọ̀ náà síbi tó dára. Bóyá Aroita lo gbogbo rẹ̀ lóòótọ́. Bóyá kòkòrò náà ló ya olóríkunkun. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, irọ́ òun ò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú, wọ́n sì fẹ́ da oògùn líle sí obìnrin kan lára nítorí àmì tí òun fa. Bí òun bá sì jẹ́wọ́, wọ́n á bọ́ yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn òun, èèyàn mọ́kànlá ló sì ń jẹun lábẹ́ yunifọ́ọ̀mù yẹn. Ó ní kí òun kọ́kọ́ lọ bi Aroita ná.

Omi òkun ti fà, àwọn obìnrin wà lórí ìyanrìn tútù, wọ́n ń wa te bun, ẹran ìkarahun abẹ́ ìyanrìn. Ọ̀kan nínú wọn, tí ilé rẹ̀ kángun sí ti Nei Bwereti, nà ró bó ṣe rí i.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé Ọjọ́bọ̀ ti di Ajé ni?" ó ní. "Àbí ẹ ti ń fẹ́ ọkọ ládùúgbò wa?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Rotia náà fi eyín hàn, ṣùgbọ́n ojora mú un. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ọjọ́ Ajé nìkan lòun ń wá. Dókítà nìkan ló kù tí kò mọ̀.

Ó bá Aroita lórí buia, pèpéle onígi tí wọ́n ń sùn sí, ó ń rẹ́ àgbọn, ọmọ rẹ̀ Bakoa wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni Aroita, àmọ́ egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ bíi ti arúgbó. Ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, Àǹtí," ó sì sún ẹní fún un. Rotia ò jókòó. Ó sọ ohun tí èsì wí, ó sọ nípa wọ́ọ̀dù, ó sọ nípa ọmú. Ọwọ́ Aroita dúró lórí àgbọn.

"Aroita, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé gbogbo oògùn yẹn lo ń lò?"

Ọmọbìnrin náà wo ẹ̀yìn rẹ̀, sí apá ibi tí buia kejì wà, tí wọ́n ta aṣọ ìkélé sí. Ikọ́ kan ti ibẹ̀ wá, jíjìn, gígùn, ikọ́ tí Rotia ti gbọ́ nínú ilé tó pọ̀ ju èyí tó lè kà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ẹnikẹ́ni tún ń kọ́ nínú ilé yìí.

"Hóró mẹ́rin ni lójúmọ́," ni Aroita wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Èmi ń lo méjì, bàbá ń lo méjì."

Bàbá tó wí ni Tebau, bàbá ọkọ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí ọ̀rọ̀ wọn ń fìdí múlẹ̀ nínú maneaba. Láti ìgbà Kérésìmesì ló ti ń kọ́. Kò fẹ́ gbọ́ orúkọ kílíníìkì, nítorí inú wọ́ọ̀dù àdádó yẹn ni àbúrò rẹ̀ kú sí, tí wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ wá fún wọn nínú ọ̀rá. Ọjọ́ kejì ọjọ́ tí Rotia kọ́kọ́ fi oògùn sílẹ̀ ni Tebau ti wá jókòó síwájú aya ọmọ rẹ̀.

"Ó bubuti mi," ni Aroita wí. "Kí ni ǹ bá ṣe?"

"O ò bá sọ fún mi!"

Aroita gbé ojú sókè. Kò sí ìbínú níbẹ̀, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. "Àǹtí, ẹ̀yin náà ò lè kọ̀ fún ìyá."

Rotia mọ ohun tí oògùn àbọ̀ ń ṣe: kì í pa kòkòrò, ńṣe ló ń fi ìjà kọ́ ọ. Èèyàn méjì ti ń fi ìjà kọ́ ọ fún oṣù mẹ́ta nínú agboolé kan. Bí ó ti ń rò ó lọ́wọ́ ni Bakoa kọ́. Ó kọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún kọ́, ikọ́ kékeré gbígbẹ, ó sì ń bá eré rẹ̀ lọ pẹ̀lú èèpo àgbọn. Rotia bèèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Aroita ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, pé ìyá ní atẹ́gùn ni.

Nei Bwereti ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí wọ́n tó mọ̀, apẹ̀rẹ̀ te bun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin etí òkun ló sọ fún un pé nọ́ọ̀sì wà nílé. Ó wo ojú aya ọmọ rẹ̀, ó wo ti Rotia, ó sì mọ̀ pé àṣírí ti tú. Kò jiyàn. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó, ó ní òun ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kì í ṣe ojú àdúgbò ló mú òun tọrọ oògùn lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ òun ni. Ogójì ọdún ló ti ń jókòó ní àyè baba rẹ̀ nínú maneaba, bí orúkọ rẹ̀ bá sì wọ ìwé oníkọ́ ẹ̀gbẹ, ta ni yóò jókòó tì í? Ó kúkú sàn fún un kó kú sílé.

"Ẹ wò ó, ìyá, ọmọ náà ti ń kọ́," ni Rotia wí.

"Atẹ́gùn ni." Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ gbọ̀n, Rotia sì rí i pé ẹ̀rù ń ba obìnrin náà, bóyá ju ẹnikẹ́ni lọ nínú ilé náà. Ó sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Rotia, ọmọ mi, mo bubuti ẹ. Ohun tó o gbọ́ níhìn-ín lónìí, má ṣe dé ọ̀dọ̀ dókítà. Aroita á máa lo gbogbo rẹ̀ láti òní lọ, mo fi ìyá mi búra. Jẹ́ kó parí síbí."

Ó dùn ún gbọ́. Ìyẹn ló burú jù nínú rẹ̀. Gbogbo ara Rotia ló fẹ́ kó parí síbẹ̀. Bí ó bá gbà, yunifọ́ọ̀mù yóò wà lọ́rùn rẹ̀, Tebau yóò wà ní àyè baba rẹ̀, àṣà ò ní yẹ̀. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹni tó sọ ọ́, ikú ara rẹ̀ ló ń sọ, kì í ṣe ti ọmọ oṣù mẹ́sàn-án tí kò tíì mọ ohun tí ẹ̀sín jẹ́.

"Rárá, ìyá," ó ní.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó ti dé ayé, kò sọ ọ́ fún àgbàlagbà tó bubuti rẹ̀ rí. Nei Bwereti wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè náà. Lẹ́yìn náà ló jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ìyá ẹ á gbọ́," ó ní. "Kò sí maneaba kan ní Betio tí kò ní gbọ́. Ó dáa, nọ́ọ̀sì."

Kò pè é ní ọmọ mi mọ́. Ìyẹn wọ Rotia lára ju èébú lọ. Ó sọ fún Aroita kó gbé Bakoa kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìkélé, kó gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kó má ṣe kúrò nílé títí ọkọ̀ kílíníìkì yóò fi dé. Aroita ń sunkún, ṣùgbọ́n ó ti ń dìde kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Rotia ò lè dúró di ìgbà tó bá dé kílíníìkì. Ó mọ ara rẹ̀. Bí ó bá rin ọ̀nà yẹn tán, yóò ti rí irọ́ mìíràn tó dùn ju ti àárọ̀ lọ. Ó dúró lábẹ́ igi bẹrẹfúùtù létí títì, ó tẹ nọ́ńbà dókítà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ ní ìdúró kan, láti orí ẹní àti karewe títí dé orí ikọ́ ọmọ. Ó ní kí wọ́n má tíì fún Aroita ní oògùn líle. Ó ní kí wọ́n wá wo bàbá náà, kí wọ́n wá wo ọmọ náà lónìí. Ó ní àmì tó wà lórí káàdì, òun ló fà wọ́n.

Rotia ń retí ìbínú náà, inú rẹ̀ tiẹ̀ ń fẹ́ kó dé. Nígbà tí dókítà máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti ojoojúmọ́.

"Rotia, ilé mélòó?"

Rotia ti mọ̀ pé yóò bèèrè. Ẹnu rẹ̀ ti ń gbìyànjú láti sọ pé ilé yìí nìkan ni. Bọ́ọ̀sì kan kọjá, eruku bò ó lójú, ó dúró kó fi lọ. Ó wá rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ara rẹ̀, gbogbo ẹní tí wọ́n ti tẹ́ fún un, gbogbo ibi tí òfìfo ike oògùn ti ń pé ní gbogbo ọjọ́ Ajé.

"Méje," ó ní. "Ẹ mú bírò, dókítà. Kí n máa pè wọ́n."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹnu òun yóò kọ́kọ́ fẹ́ fò.