Aró Bọ́lánlé

Mo jowú Bọ́lánlé. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá mi sọ ọ́. Èmi Morádéyọ̀, tí mo ti ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Ọ̀rányàn láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ kò tíì lọ́kọ, mo jowú ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́.

Ọdún mẹ́fà ló lò lọ́dọ̀ mi. Nígbà tó gba òmìnira, ó gba ilé sí Beyerúńkà, kò jìnnà sí mi rárá. Kò pé ọdún méjì tí àwọn òyìnbó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Obed, ọmọ tíṣà kan ní Òkè-Àdó, tó ń mú àlejò káàkiri ìlú, ló ń kó wọn wá. Wọn á gun Màpó, wọn á ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òpó gbọ̀ngàn rẹ̀, wọn á sì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Bọ́lánlé. Ẹ mọ ohun tó ń ṣe fún wọn? Ó ń jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn rẹ aṣọ! Àwọn tí kò mọ ẹ̀lú, ewé tí a fi ń ṣe aró, yàtọ̀ sí ẹ̀fọ́. Wọn á máa pariwo bí ọmọ ọwọ́ tó rí omi, wọn á sì ra gbogbo ohun tó wà lórí okùn. Wọ́n ní ẹni tó mọyì wúrà là ń tà á fún. Èmi ni mo ń ya Ìbàdàndùn, aṣọ tó ní òpó Màpó gan-an nínú, kò sì sí òyìnbó kan tó wo ọ̀dọ̀ mi. Bọ́lánlé fúnra rẹ̀ kì í yà á. Mo rò pé kò kà á sí ni.

Gbogbo àdúgbò ń yìn ín. Láfún la fi ń se ẹ̀kọ tí a fi ń ya aṣọ, Ìyá Gabriel tó ń ta láfún ní Oríta-mẹ́rin sì ní òun kò tà tó báyìí rí. Àwọn aláṣọ funfun ní Ọjà'ba ń rí tà, awakọ̀ ń rí èrò gbé, àwọn tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní hòtẹ́ẹ̀lì ń rí iṣẹ́ ṣe. Ọkùnrin kan tilẹ̀ sọ lórí rédíò pé bí àlejò ilẹ̀ òkèèrè bá ń wọlé báyìí, kì í ṣe epo rọ̀bì nìkan ni Nàìjíríà yóò máa gbójú lé. Obed náà sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Mà, owó àlejò kì í jókòó síbì kan. Ṣe ló ń ti ọwọ́ dé ọwọ́."

Mo ní, "Kí ló dé tí kò tíì dé ọwọ́ tèmi?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé eré ni mò ń ṣe.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, Bọ́lánlé wá gbá iwájú ilé mi. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ó tún ru àga mẹ́rin wá láti ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn, ó tò wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi.

"Màámi, ẹ káàárọ̀ mà. Àwọn àlejò kan ń bọ̀ láti Jámánì lónìí, mo ní kí n sọ fún yín pé..."

"Má sọ fún mi. Ṣé ilé tìẹ ti kún, tó o fi ń kó àga sílé mi? Èmi ni n ó wá máa bá ẹ ṣọ́ òyìnbó?"

"Rárá o, Màámi, ẹ jẹ́ kí n..."

"Panu mọ́, jàre. Máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ."

Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó lọ. Àga náà wà níbẹ̀, ojú mi kò sì kúrò lára wọn.

Nígbà tó yá, bọ́ọ̀sì kan dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, nítorí ọ̀nà Bọ́lánlé há. Obed bọ́ọ́lẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà. A fẹ́ kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Bọ́lánlé, ká tó..."

"Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú," mo ní. "Aró ẹ̀ ti bàjẹ́. Kò sóhun tẹ́ ẹ máa rí ládùúgbò yìí lónìí."

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí mo ṣe. Láàárín àwa aláró, ọ̀gá ló ń fi ahọ́n tọ́ aró wò. Bó bá ní ó dára, aṣọ wọ inú rẹ̀. Bó bá ní ó bàjẹ́, dídànù ni, ọmọṣẹ́ kì í bèèrè ìdí, ì báà ti gba òmìnira. Ìyá mi máa ń sọ pé èèyàn lè purọ́ fún ọkọ, ó lè purọ́ fún aládùúgbò, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ aró. Mo purọ́ mọ́ aró.

Ojú Obed rẹ̀wẹ̀sì. Ó ṣàlàyé fún àwọn èèyàn rẹ̀, ó ní Abẹ́òkúta ni wọn yóò kúkú gbà lọ. Obìnrin òyìnbó kan, àgbàlagbà bíi tèmi, yọjú lójú fèrèsé, ó wo àga mẹ́rin náà, ó juwọ́ sí mi. Bọ́ọ̀sì yí padà. Inú mi dùn, mi ò ní tún irọ́ pa. Mo jókòó sórí ọ̀kan nínú àga náà, mo jẹ ẹ̀pà.

Ọjọ́ ń rọ̀ nígbà tí Ìyá Gabriel kọjá, tó ru láfún tó kó wá fún Bọ́lánlé padà lọ. Kò pẹ́ tí Bọ́lánlé fúnra rẹ̀ dé. Aró dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì, igbá kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màámi, Obed pè mí. Ó ní ẹ ní aró mi ti bàjẹ́."

Mo gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò láṣọ mi.

"Mo ti da ìkòkò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nù. Mi ò mọ ìgbà tẹ́ ẹ wá tọ́ ọ wò, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ ò ní sọ ọ́ lásán. Mo ṣẹ́ díẹ̀ kù, kẹ́ ẹ lè fi ibi tí mo ti ṣì í hàn mí." Ó kúnlẹ̀, ó gbé igbá náà síwájú mi. "Ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń bọ̀, Màámi. Ìyá àgbà kan nínú wọn ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ lọ́hùn-ún, Ìbàdàndùn ló ń wá kiri. Mo ní èmi ò lè yà á, aṣọ ọ̀gá mi ni. Wọn ìbá rẹ aṣọ díẹ̀ lọ́dọ̀ mi, kí wọ́n wá jókòó síbí, kẹ́ ẹ máa ya Ìbàdàndùn lójú wọn."

Mo ki ìka bọ igbá, mo fi kan ahọ́n. Ó mú bó ṣe yẹ kó mú. Ó ti pẹ́ tí tèmi ti rí bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ sì gbọ́, níbi tí mo jókòó sí yẹn náà, owú tún gún mi.

"Ṣé eérú ni, Màámi? Àbí mo tètè da omi sí i?"

"Kò sí ohun tó ṣe é."

"Mà?"

"Aró ẹ ò bàjẹ́. Mi ò tọ́ ọ wò kí n tó sọ bẹ́ẹ̀. Owú ni."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó to àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin léra, ó gbé wọn rù. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti fà á lé mi lọ́wọ́, kò jáde lẹ́nu ọ̀nà yẹn rí láìkúnlẹ̀ kí mi. Lọ́jọ́ náà, kò kí mi.