Dijú, Kí N Wo Orí Rẹ

Ridha yọ wáyà kọ̀ǹpútà kúrò lára iná ògiri. Ó yọ ti fíríìjì. Ó yọ ti fáànù. Ó tún padà lọ wo fíríìjì, bóyá ó yọ ọ́ lóòótọ́.

"Bàbá Olfa, ẹja mi á bàjẹ́ o!" ni Zakia ìyàwó rẹ̀ ké láti ilé ìdáná.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré."

"Ohun tó o sọ lánàá nìyẹn."

Ẹ̀rù ló ń ba Ridha. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó pe ará ilé jọ, ó so ọ̀já tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe mọ́rí, ó nawọ́ sí ìlà tó ń jó lójú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ẹ wò ó, ìgbì ọpọlọ mi nìyẹn!" Moncef, àbúrò Zakia, kò bá a jiyàn. Ó kàn tú ọ̀já náà, ó so ó mọ́ bàrà tí wọ́n fẹ́ gé jẹ. Ìlà ṣì ń jó. Iná ilé ni wáyà ń gbé wọlé látọjọ́ yìí, kì í ṣe ìgbì ọpọlọ. Láti ìgbà náà, bí Moncef bá pàdé rẹ̀ lọ́jà ẹja ìlú Sfax, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàrà ńkọ́?" Àwọn ẹlẹ́ja á bú sẹ́rìn-ín. Ìwé mẹ́fà péré ni Ridha kà. Rédíò ló ń tún ṣe. Bí tòní bá tún kùnà, ó ti pinnu, á kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin.

Bátìrì ló fi sí ọ̀já náà lónìí, kọ̀ǹpútà náà sì ń lo bátìrì tirẹ̀. Ó ti rẹ òwú fàdákà sínú omi tí wọ́n fi ń bó aṣọ funfun, kó lè gbé ìgbì dáadáa. Ó fi omi iyọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìpàkọ́ àti etí. Ohun tó kà ni pé bí ènìyàn bá dijú, ìgbì á tóbi. Bó bá lajú, á rọlẹ̀. Bàrà kò ní ojú tó lè dì.

Ó dijú. Ó lajú kíá. Ìlà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó tún un ṣe. Pẹrẹsẹ. Ìgbà náà ló tó yé e: ẹni tó dijú, báwo ló ṣe fẹ́ rí i?

"Ìyá Olfa! Jọ̀ọ́, wá bá mi wò ó."

Zakia wọlé tòun ti òróró ólífì lọ́wọ́. "Kí n wo kí ni? Orí bàrà?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó o bá rí, sọ."

Ó dijú. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ tí àga fà nílẹ̀.

"Yéè! Ó ń fò! Bàbá Olfa, ó rí bí eyín ayùn!"

"Mo ti lajú báyìí ńkọ́?"

"Ó ti dákẹ́. Tún dijú! Dijú jàre!"

Wọ́n ṣe é títí. Ridha ń rẹ́rìn-ín, omi iyọ̀ ń ṣàn sí i lọ́rùn. "Pe Moncef! Kó gbé bàrà rẹ̀ dání!"

"Moncef á dúró ná." Zakia ti ń tú ìborí rẹ̀. "Ó kàn mí."

Ridha rọra wá àyè láàárín irun Zakia, ó lẹ òwú náà mọ́ ọn. Ìpàkọ́ rẹ̀ ti hewú, Ridha kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Zakia dijú. Ridha kọjú sí kọ̀ǹpútà.

Lójú ẹsẹ̀, ìgbì ru sókè, ó tóbi, ó ń lọ geere. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti jọ ń gbé. Ridha kò tíì jókòó rí báyìí, kó kàn máa wo ìyàwó rẹ̀.

"Kí lò ń rí?" ni Zakia bi í.

Ridha gbójú kúrò lára ìlà, ó ń wo ojú rẹ̀ tó dì.

"Má tíì lajú," ó ní.