Ojú Tó Ń Dán ní Sátidé

Eyín kan bọ́ sínú abọ́ àtíkè.

Ìyá Àtíkè fi ìka méjì mú un, ó nu ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, ó gbé e síwájú dígí. Ọdún méjì ló ti ń kun àwọn olórin lójú ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà. Ẹ̀jẹ̀ kò ṣàjèjì sí i, ojú wíwú kò ṣàjèjì, àmọ́ ti eyín yìí, àkọ́kọ́ nìyí.

Akọrin tó jókòó níwájú rẹ̀ kò sunkún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ ti wú bíi búrẹ́dì inú omi. Lẹ́yìn ògiri pákó ni ọkọ rẹ̀, Ọ̀gá Fèrè tó ni ẹgbẹ́ orin náà, ti fi fèrè idẹ gbá a lẹ́ẹ̀mẹta, torí pé ó pẹ́ kó tó gbe orin nígbà ìdánrawò. Gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́. Ṣe ni onípíánò bẹ̀rẹ̀ sí í lu píánò kíkankíkan kí ariwo má bàa jáde.

Olùdarí ètò yọjú. Ọ̀gá Aago ni wọ́n ń pè é, torí aago ọwọ́ rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀ ju ènìyàn lọ.

“Ìyá Àtíkè, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣé ó ṣeé bò?”

“Eyín ti yọ, ọ̀gá.”

“Ta ló ní kó yánu jù? Apá ọ̀tún ni kó kọ sí kamẹ́rà.”

“Ẹni tó gbá a ńkọ́?”

“Ẹni tó bá dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya, òun ló ń jẹ ẹ̀ṣẹ́ tó kù.” Ó wo aago. “Ó ku mẹ́rìnlá.” Ó bá tirẹ̀ lọ.

Tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà yẹn, dúdú àti funfun nìkan ló mọ̀. Ohun pupa a máa dúdú nínú rẹ̀ bí èédú. Ìyá Àtíkè ti mọ ọgbọ́n ẹ̀: á fi ìpara aláwọ̀ ìyeyè bo ọgbẹ́, á fi àtíkè lé e, ará ilé kò ní rí nǹkan kan ju awọ jíjọ̀lọ̀ lọ. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yìn ín. Ojú akọrin yìí ló fi kọ́ iṣẹ́.

Ó ti fóòmù bọ ìpara. Akọrin di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Màmá, ẹ má bò ó lónìí.”

“Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé mi ni?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ra tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo Sátidé ló ń wò mí. Mo sọ fún un pé ọkùnrin yìí máa pa mí, ó ní irọ́ ni mò ń pa, ṣebí òun ń rí ojú mi bó ṣe ń dán.” Ó gbé itọ́ ẹlẹ́jẹ̀ mì. “Òun nìkan ló lè wá mú mi kúrò nílé ọkùnrin yìí.”

Ìyá Àtíkè wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó da àtíkè gbígbẹ lé ojú náà, kí Ọ̀gá Aago lè rí nǹkan wò. Nígbà tí oníkálukú ti dúró sípò rẹ̀, ó sáré wọlé bí ẹni fẹ́ tún irun akọrin ṣe, ó sì fi aṣọ tútù nu gbogbo rẹ̀ kúrò. Iná pupa orí kamẹ́rà tàn. Bí orin bá ṣe ń lọ níbẹ̀ ni ará ilé ń rí i. Ohun tó bá ti jáde ti jáde.

Akọrin yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì sí kamẹ́rà, ó yánu gbàgà, ó kọrin. Lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà ní igun yàrá, ìdajì ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, fèrè kan náà ló ń fun.

Orin kò tíì parí tí Ọ̀gá Aago fi fọ́ Ìyá Àtíkè létí.

“Kó ẹrù ẹ. Má padà wá síbí mọ́.”

Tẹlifóònù tó ń dún ní ọ́fíìsì ẹnu ọ̀nà ni Ìyá Àtíkè ń tẹ́tí sí. Nígbà tó kó ẹrù tán, ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ bá obìnrin tó ń gba ìpè níbẹ̀.

“Kí ni wọ́n ń sọ?”

“Wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n wọn bàjẹ́ ni, Màmá. Pé àbàwọ́n dúdú wà lójú akọrin.” Ó rẹ́rìn-ín. “Mẹ́rìndínlógún ti pè.”

“Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò pè?”

“Òun ló kọ́kọ́ pè. Ó ní kí á bá òun bẹ àbúrò òun kó bá òun wá ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ó ní òun ti gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí, ọwọ́ ń dun òun, àbàwọ́n náà ò kúrò.”

Lẹ́yìn ògiri pákó, ẹnì kan ṣubú lu àga. Onípíánò tún bẹ̀rẹ̀ sí í lu píánò.