Orin Tó Ń Tú Ewúrẹ́

Ọwọ́ Tapkigen ti já ewé mẹ́ta lára igi tí wọ́n fi ṣe ọgbà yí ọ́fíìsì akọ̀wé ká, kó tó mọ̀ pé òun ń já nǹkan. Ewé lásán ni, kì í ṣe ewé tíì. Ó wò wọ́n ní àtẹ́lẹwọ́, ó dà wọ́n sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá rẹ̀ mú, kí àwọn ìka wọ̀nyẹn lè jókòó jẹ́ẹ́.

Ọ̀pá náà gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń gbé e dábùú orí igi tíì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ewé tó bá yọrí lókè ọ̀pá, ti agbọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀ nìyẹn. Èyí tí kò bá tíì yọrí, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Báyìí, ta ló tún ń lo ọ̀pá ní oko tíì Kericho? Ẹ̀rọ ti dé. Ó ń gé orí igi tíì lọ ràì bí ẹni ń fá orí ọmọ tuntun, àti ewé àti igi, gbogbo rẹ̀ ló ń kó sínú àpò.

Ogójì obìnrin ló tò síbẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Ẹni mẹ́wàá péré ni akọ̀wé fẹ́ gbà, tí yóò máa tẹ̀lé ẹ̀rọ, tí yóò máa ṣa igi kúrò nínú ewé.

"Ìyá Chemutai, ọ̀pá wo lẹ tún gbé wá?" Cheptoo tó wà níwájú rẹ̀ bi í. "Àbí ẹ fẹ́ na ẹ̀rọ ni?"

"Tí mo bá mọ̀ pé yóò sunkún, ǹ bá nà án."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti rẹ̀. Àwọn yìí náà ló máa ń gbe orin rẹ̀ lóko, tí òun bá lé e pé:

*Ewé méjì, ọ̀mùnú kan,*
*Ilẹ̀ mọ́, ìrì ṣì wà lára ewé,*
*Ọwọ́ mi, ọwọ́ mi, jí o.*

Nígbà tó kàn án, Kipyegon akọ̀wé wo káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ó sì wolẹ̀.

"Ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìyá. Wọ́n ní kí n má kọ orúkọ ẹni tó bá ti lé."

"Mo mọ ewé ju ẹ̀rọ yín lọ."

"Mo mọ̀. Ìyá tó bí mi ń gbe orin yín. Ṣùgbọ́n wọn ò wá ẹni tó mọ ewé mọ́."

"Kí wá ni kí n máa ṣe?"

Kipyegon yí káàdì náà sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. "Ẹ lọ sinmi, ìyá."

Ìsinmi kẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti fi ń sinmi, ìsinmi náà sì ti rẹ̀ ẹ́ ju iṣẹ́ lọ. Kì í ṣe ebi. Chemutai ọmọ rẹ̀ ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ láti Nakuru. Ohun tí yóò mú un dìde lórí ibùsùn ni kò rí. Bó bá ti gbọ́ ẹ̀rọ lórí òkè láàárọ̀, ògiri ló máa ń kọjú sí.

Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ wálé nígbà tó gbọ́ igbe ewúrẹ́. Ilé Kogo Tabutany ni, ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ọdún mọ́kànlá, tó ń dá gbé létí ọ̀nà oko. Oòrùn ti wà ní àtàrí, ewúrẹ́ mẹ́ta ṣì wà lórí ìso. Kogo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fi aṣọ di orúnkún.

"Ta nìyẹn?"

"Tapkigen ni, Kogo."

"O ò kú?"

"Mi ò kú."

"Mo ti rò pé o kú, tí wọn ò sọ fún mi."

"Kí ló ṣe yín lórúnkún?"

"Ìwọ ni."

"Èmi?"

"Tí o bá ti ń kọrin kọjá lọ sóko, èmi á mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, màá tú ewúrẹ́ mi, a ó sì máa lọ sódò. Láti ìgbà tí o ti dákẹ́, àbá ni mò ń dá. Lánàá mo jáde, àṣé òru ṣì ni, ilẹ̀ ń yọ̀, mo bá ṣubú. Lónìí mo ní kí n dúró kó mọ́ dáadáa. Ó ti mọ́?"

"Ọ̀sán ti pọ́n, Kogo. Àkùkọ yín ńkọ́?"

"Mo ti pa á jẹ tipẹ́. Irọ́ ló máa ń pa. Ìwọ ń kọjá lójoojúmọ́, kí ni mo fẹ́ fi àkùkọ ṣe?"

Tapkigen lọ sídìí ìso. Ó tú àwọn ewúrẹ́. Ó fi ìdí ọ̀pá lé Kogo lọ́wọ́, òun di orí rẹ̀ mú, wọ́n sì kọrí sí odò.

"Orin dà?" ni Kogo wí.

Tapkigen gbé orin sẹ́nu. Ó lé e bó ṣe máa ń lé e lóko, kíákíá, kíákíá, ọ̀pá sì fa Kogo síwájú.

"Rọra o. Ṣé mo gbé agbọ̀n ni?"

Ó rọra. Ó dúró de ẹsẹ̀ kan, ó dúró de èkejì, kó tó mú ọ̀rọ̀ tó kàn. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ orin yìí kí ọwọ́ lè yá. Kò mọ̀ rí pé ó lè falẹ̀ tó báyìí, kó má sì já. Lórí òkè, ẹ̀rọ ń dún. Kogo ń gbè é lóhùn jẹ́jẹ́, àwọn ewúrẹ́ ń jẹko lọ níwájú wọn.

"Lọ́la ńkọ́?" Kogo bi í nígbà tí wọ́n débi omi.

"Kí ìrì tó gbẹ," Tapkigen dá a lóhùn. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé àwọn ìka òun ti jókòó jẹ́ẹ́ lára ọ̀pá.