Ìka Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá Bàbá Dídán

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìjayà ṣe ń rí, kó wá wo ojú Màdáámú Fáìlì ní aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí. Akọ̀wé ni, ní iléeṣẹ́ kan tó ń tẹ́ òkúta mábù sí ilẹ̀ àwọn ilé ńláńlá. Òun ló ń tọ́jú ìwé àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Fáìlì kì í kúrò ní abíyá rẹ̀, ìyẹn làwọn òṣìṣẹ́ fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ó mọ ọjọ́ tí físà kálukú máa parí láìwo ìwé. Ọjọ́ ló mọ̀ o. Ohun tó yẹ kó ṣe kí ọjọ́ náà tó pé ni kò mọ̀.

Ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ látọjọ́ yìí ni pé ìwé àṣẹ iṣẹ́ dà bíi wàrà inú agolo. Tí ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i bá ti pé, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sẹ́ni tó tún ń dá ara rẹ̀ láàmú lórí ẹ̀. Bàbá Dídán, àgbà pátápátá nínú àwọn tó ń dán òkúta, ti fẹ̀yìn tì, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì ń parí lónìí gan-an. Màdáámú ti fọkàn balẹ̀ pé ìwé náà á kú fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló tìtorí ẹ̀ pe ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àlejò, ni ẹni tó gbé fóònù bá sọ ọ́ bí ẹni ń ṣeré.

"Ẹ ò tíì wọ́gi lé ti bàbá yìí? Aago mẹ́ta la máa ń tilẹ̀kùn o. Tẹ́ ò bá wọ́gi lé e kó tó dìgbà yẹn, ẹ̀rọ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sá lọ mọ́ yín lọ́wọ́ ni."

Ẹni tí ẹ̀rọ bá ti kọ bẹ́ẹ̀, wọn kò ní fún un ní físà mọ́ títí ayé. Bàbá Dídán sì ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, tó lọ́kọ sí ìlú yìí, tó sì wà nínú oyún oṣù méje, àkọ́bí rẹ̀. Gbogbo ètò tí bàbá náà ṣe kò ju pé kó padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ nílé, kó wá fi físà àbẹ̀wò padà wá gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bá bí i tán. Màdáámú mọ̀, torí bàbá náà ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó létí ní iléeṣẹ́ náà, títí kan ẹni tó wá tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe.

Ó gbá fáìlì mú, ó di yàrá àwọn òṣìṣẹ́. Ó bá bàbá náà níbi tó ti ń ká ṣẹ́ẹ̀tì sínú àpótí, lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ wọn pẹrẹsẹ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà yín. Ẹ ká lọ."

"Ṣé kò sí wàhálà, ọmọ mi?"

"Wàhálà wà o, Bàbá. Èmi gan-an ni mo fà á."

Inú takisí ló ti tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀. Ó retí pé kí bàbá náà jágbe mọ́ òun. Bàbá náà kàn bèèrè pé aago mélòó ló lù. Màdáámú ní ó ti kọjá méjìlá.

"Kí dírẹ́bà túbọ̀ tẹ̀ ẹ́ nígbà náà," ni ohun tó sọ.

Èrò kún ọ́fíìsì náà bámúbámú. Wọ́n gba nọ́ńbà, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wo aago ara ògiri, aago náà sì ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó ku ogójì ìṣẹ́jú kí aago mẹ́ta lù nígbà tí wọ́n pè wọ́n sí ojú fèrèsé keje. Ọ́físà tó wà níbẹ̀, ọkùnrin kúkurú tó kó dígí sórí imú, jẹ́ irú èèyàn tó jẹ́ pé bí òfin bá ní kó má mí mọ́, ohun tó máa bèèrè ni pé títí di ìgbà wo. Ó yẹ lẹ́tà iléeṣẹ́ wò, ó yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò, ó yẹ ìwé ìrìnnà wò. Gbogbo ẹ̀ pé.

"Ó ku ìka," ló wí. "Bàbá, ẹ tẹ ìka yín síbí. Ọ̀tún ni."

Bàbá Dídán tẹ̀ ẹ́. Iná pupa tàn. Ó tún un tẹ̀, pupa ni. Ọ́físà nu ojú ẹ̀rọ náà, ó ní kí wọ́n gbìyànjú ọwọ́ òsì. Pupa. Ó ní kí bàbá mí èémí gbígbóná sí ìka rẹ̀. Pupa. Ó fa ìpara jáde lábẹ́ tábìlì, ó ní kí wọ́n fi pa á. Wọ́n tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán, iná náà kò yí padà lẹ́ẹ̀kan.

"Kò rí nǹkan kan," ni ọ́físà wí. "Bàbá, ẹ nawọ́ yín kí n wò ó."

Bàbá nawọ́ lábẹ́ fèrèsé. Ọ́físà yọ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Màdáámú náà bẹ̀rẹ̀ wò. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń kí bàbá yìí láràárọ̀, kò wo ọwọ́ rẹ̀ rí. Kò sí ìlà kankan lórí ìka náà. Orí ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ń dán, ó jọ̀lọ̀, bí ojú àwo tánganran. Ara Màdáámú bù máṣọ. Kì í ṣe ìríra. Kò mọ orúkọ ohun náà ni.

"Kí ló jẹ ẹ́?" ni ọ́físà bèèrè, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀.

"Òkúta ni," ni Bàbá Dídán wí. "Ẹ̀rọ ló ń ṣe iṣẹ́ ńlá ibẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá ti parí, màá wá fi ọwọ́ lásán gba gbogbo ojú ilẹ̀ náà kọjá, pẹ̀lú ìyẹ̀fun òkúta àti omi. Ibi tí kò bá dára, ọwọ́ ló máa sọ fún mi."

"Ẹ kì í wọ ìbọ̀wọ́ ni?"

Màdáámú sọ ojú nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí bàbá yìí pé kò wọ ìbọ̀wọ́ tí iléeṣẹ́ fún un, ìwé méjèèjì sì wà nínú fáìlì tó gbá mọ́yà yẹn.

"Ìbọ̀wọ́ máa ń parọ́ fúnni," ni bàbá wí. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ti gbé ọwọ́ lé orí pèpéle òkúta tó wà láàárín òun àti ọ́físà, ó ń fi ìka lọ lórí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó di ojú. "Níbí, wọ́n ti fọ́ ọ nígbà kan rí, wọ́n fi àtè dí i. Ibí yìí lo máa ń gbé ife tíì sí. Ó ti pẹ́ tó o ti ń gbé e síbẹ̀."

Ọ́físà bẹ̀rẹ̀ wo ibẹ̀. Kò sí nǹkan tí ojú rí. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí i, ó wá rí òbìrípo kan tó hàn fírífírí. Ó rọra gbé ife tíì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé e lé òbìrípo náà, ó bá a mu rẹ́gí. Àwọn tó jókòó sẹ́yìn, tí wọ́n ti ń kùn tẹ́lẹ̀, ń nàgà kí wọ́n lè rí i.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe ibí yìí náà ni?" ni Màdáámú bèèrè.

"Rárá o!" ni Bàbá Dídán wí, inú bí i díẹ̀. "Ẹni tó ṣe ibí yìí kánjú."

Ọ́físà yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó wá yí ojú ẹ̀ sí wọn. Àwòrán ìka mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n gbà lọ́jọ́ tí bàbá náà kọ́kọ́ wọ ìlú, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ìlà kún wọn, ó ká yí ara wọn, kò sí èyí tó sọnù. Bàbá Dídán sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ kan gíláàsì.

"Áà! Ẹ wo àpá ọ̀bẹ yìí lórí àtàǹpàkò mi. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Ìyá mi lù mí, ó tún sunkún." Ó wo àtàǹpàkò tó wà lára rẹ̀ báyìí. Àpá náà ti lọ pẹ̀lú ìyókù.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ Màdáámú lára. Gbogbo ayé yìí, inú ẹ̀rọ ìjọba nìkan ni ìlà ọwọ́ bàbá yìí ṣẹ́kù sí. Ẹ̀rù bà á, irú ẹ̀rù tó máa ń mú èèyàn ṣí fìlà láìsí ẹni tó ní kó ṣí i.

Ọ́físà lọ pe ọ̀gá rẹ̀, obìnrin kan tó ti gbé báàgì kọ́ èjìká láti máa lọ sílé. Obìnrin náà wo ọwọ́ bàbá, ó gbé báàgì sílẹ̀. Ó ní òfin fàyè gbà á kí aṣojú iléeṣẹ́ dúró fún òṣìṣẹ́ tí kò ní ìlà ọwọ́. Aṣojú náà á fi ìka tirẹ̀ jẹ́rìí pé òun mọ òṣìṣẹ́ náà, pé òun gan-an nìyẹn. "Ṣùgbọ́n tí kò bá jáde ní ìlú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, tàbí tó bá wá jẹ́ pé òun kọ́ ni, ìwọ la máa mú, Màdáámú. Ṣé o mọ bàbá yìí lóòótọ́?"

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Màdáámú wo fáìlì ọwọ́ rẹ̀. Fáìlì bàbá yìí ló mọ̀: nọ́ńbà ìwé ìrìnnà, ọjọ́ ìbí, ìkìlọ̀ kìíní, ìkìlọ̀ kejì. Òun kan náà ló ń rìn lórí ilẹ̀ iléeṣẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ bàbá yìí, láràárọ̀ ọdún mẹ́jọ, tó ń fi gìgísẹ̀ bàtà gbá a kọjá, tí kò bèèrè ẹni tó ṣe é rí.

"Mi ò mọ̀ wọ́n tó bó ṣe yẹ, Mà," ló wí, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Àmọ́ àwọn gan-an nìyí."

Ó tẹ ìka sí ojú ẹ̀rọ. Iná aláwọ̀ ewé tàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Ó ku ìbéèrè kan," ni ọ́físà wí, ó sì kà á bó ṣe máa ń kà á fún gbogbo èèyàn, láìgbé orí sókè. "Ṣé ohun ìní yín kankan ṣẹ́kù sí ìlú yìí tí ẹ ò tíì kó?"

"Ó kù," ni Bàbá Dídán wí.

"Bàbá!" Màdáámú fẹ́ẹ̀ kígbe. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó kù, ọ̀rọ̀ náà dúró síbẹ̀ nìyẹn títí tó fi máa wá kó o, aago mẹ́ta á sì lù bá wọn.

"Kí ló kù?" ni ọ́físà bèèrè.

Bàbá gbé ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sókè. "Ó wà ní ilé ìwòsàn tí ọmọ mi máa bímọ sí, láti ẹnu ọ̀nà dé yàrá ìgbẹ̀bí. Ó wà ní ilé ẹjọ́. Ó wà ní pápákọ̀ òfurufú tí mo máa gbà lọ. Mi ò lè kó o. Ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ òótọ́."

Ọ́físà wo ọwọ́ náà, ó wo ojú kọ̀ǹpútà. Ibi méjì péré ló wà tó lè tẹ̀, "ó kù" àti "kò kù." Ó wá tẹ "kò kù." Ìwé jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ó lu òǹtẹ̀ lé e, àwòrán ìka mẹ́wàá sì kúrò lójú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ forí jì mí, Bàbá," ni ọkùnrin olófin yìí wí, ó dìde dúró bó ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà fún un. "Irọ́ ni mo kọ yẹn."

Wọ́n padà sí iléeṣẹ́ ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Bàbá Dídán kọjá wọlé, ó fẹ́ lọ parí ẹrù rẹ̀, kó sì pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Nígbà tí kò gbúròó ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn. Màdáámú Fáìlì dúró sí ìta ẹnu ọ̀nà. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, ó ń wo ilẹ̀ mábù tó lọ rẹrẹ níwájú rẹ̀, kò lè gbé ẹsẹ̀ lé e.

"Kí ló tún dé?" ni bàbá bèèrè.

"Bàbá, mi ò lè tẹ̀ ẹ́."

Bàbá Dídán rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú.

"Wọ bàtà ẹ, ọmọ mi, kó o máa bọ̀," ló wí. "Kí ẹ lè rí ibi tẹ̀ ni mo ṣe ṣe é."