Agolo Ṣúgà Ìgbéyàwó

Evert ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Fóònù Majvor àbúrò rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e jìnnà sójú, ó tún fà á sún mọ́ imú, ó wá gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo bisikíìtì jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé ẹyin kalẹ̀.

"Majvor," ó ní, "ta ló máa ń kọ 'ó ti lọ́kọ' sára agolo ṣúgà?"

Majvor ò tilẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa. Ìràwọ̀ márùn-ún tí oníbàárà fi yìn ín lórí ìkànnì gbàǹjo ló ní kí ẹ̀gbọ́n òun wá wò, kì í ṣe agolo. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì nílé ìdáná ilé-ìwé ni gbàǹjo orí ẹ̀rọ ti di oko tó ń ro. Oko náà sì ní ẹ̀gún. Ó ti ra aago ara ògiri rí, páálí dé, ó tú u, àfi pósí aago: kò sí ìfun, kò sí ẹ̀dọ̀, ẹni tó tà á sì ti pòórá bí èéfín. Ó ta bàtà fún ọkùnrin kan, ọkùnrin náà wọ̀ ọ́ lọ jó, ó jó o tán, ó dá a padà pé ó há òun lẹ́sẹ̀. Ó tún pàdé èèyàn gidi níbẹ̀ o, bí arúgbó tó ra kọ́ọ̀bù mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì fi ìgò jáàmù èso igbó ránṣẹ́ láti dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, tòun ti ọ̀rọ̀ dídùn, èyí ni àkọ́kọ́.

"Mo ní ta ló ń kọ ọ́?" Evert tún un wí. "Dá mi lóhùn."

Agolo funfun ni, etí rẹ̀ ní àwọ̀ aró. Inú páálí kan tí Majvor rà ní gbàǹjo ilé òkú ló ti bá a. Ọkùnrin kan tó dá gbé inú igbó ló kú, tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ní kí wọ́n lu ẹrù rẹ̀ tà, wọ́n sì da ọ̀bẹ, okùn, pańpẹ́ tó ti dípẹtà àti agolo yìí pọ̀. Ìdérí agolo náà ti lẹ̀ pinpin. Bí a bá mì í, ó ń dún ṣìrìṣìrì bíi ṣúgà. Ẹnìkan sì ti fi yíǹkì tó ti ń pòórá kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sórí bébà tó lẹ̀ mọ́ ọn lára: *Gift*.

Kì í ṣe ti ẹ̀bùn táwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wí o. Ní Suwidin tí wọ́n wà yìí, ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń sọ pé èèyàn ti ṣe ìgbéyàwó, òun náà ni wọ́n sì fi ń pe májèlé. Kò sí àmì ohùn tó yà wọ́n bí ọkọ ṣe yàtọ̀ sí ọkọ̀. Lẹ́tà kan náà, ẹnu kan náà. Kò sí ọ̀mùtí kan tó ti jókòó síbi ìgbéyàwó nílùú náà tí kò tíì fi í dá àpárá, Majvor fúnra rẹ̀ sì ti rẹ́rìn-ín sí i títí ó fi sú u. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó gbé agolo náà síwájú fèrèsé láti yà á ní fọ́tò, ìtànṣán oòrùn bà lé ọ̀rọ̀ yẹn, ìgbéyàwó nìkan lójú rẹ̀ rí. Obìnrin tí kò lọ́kọ rí, ibi tí ọkàn rẹ̀ ń lọ lójú rẹ̀ gbà lọ. Ó kọ ọ́ sórí ìkànnì pé: agolo ṣúgà ìgbéyàwó, ti ayé àtijọ́, ṣúgà wọn ṣì wà nínú rẹ̀.

"Pańpẹ́ tó o tà fún ọkùnrin apá àríwá yẹn," ni Evert wí, "inú páálí kan náà kọ́ ló ti wá?"

"Inú ẹ̀ ni."

"Pańpẹ́ kí ni?"

"Ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀," ni Majvor wí. Ó rántí ilé bàbá àgbà wọn: agolo kọfí tó wà lókè àjà, tí wọ́n ń na ọmọ tó bá fọwọ́ kàn án. Funfun lohun tó wà nínú ìyẹn náà. Inú ẹran ni wọ́n ń fi í sí fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń jí adìẹ gbé.

Bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Etí Majvor ti gbọ́. Ó fa fóònù mọ́ra, ó tún ìyìn tó ti há sórí láàárọ̀ kà, ọ̀rọ̀ náà sì ti di nǹkan mìíràn: *Ó ti dé, ó rẹwà gan-an! A ò ní ṣí i títí di Sátidé. Ṣúgà inú ẹ̀ lèmi àti Melker máa fi mu kọfí ìgbéyàwó wa. Ẹ ṣé o. Tuva.*

Sátidé lọjọ́ náà.

Ó tẹ àtẹ̀jáṣẹ́ sí Tuva lórí ìkànnì. Ó ń kánjú débi pé lẹ́tà ń já sọnù. Kò sí èsì. Ìkànnì yẹn kì í fún ẹni tó ń tà ní nọ́ńbà ẹni tó rà, kì í sì í fún un ní ilé ẹni náà. Ṣọ́ọ̀bù tí Tuva ti lọ gba páálí ni wọ́n kọ, ṣọ́ọ̀bù kan ní abúlé Hökamyra, nínú igbó lọ́hùn-ún. Ó pe nọ́ńbà pàjáwìrì. Obìnrin tó gbé e fara balẹ̀ bí ẹni ń gba ọmọ níyànjú, ó bi í léèrè ibi tí ìgbéyàwó náà wà, Majvor ò mọ̀. Ó bi í ní orúkọ bàbá ìyàwó, Majvor ò mọ̀. Ó ní àwọn á rán ọlọ́pàá lọ sí Hökamyra, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó sún mọ́ ibẹ̀ jù ṣì jìnnà.

"Dìde," ni Evert wí. Ó ti wọ bàtà.

Wọ́n wọ ọkọ̀ Evert, wọ́n kọrí sí Hökamyra. Igbó ló wà lọ́tùn-ún, igbó ló wà lósì, igi ahóyaya tó dúró gbọn-in bí ṣọ́jà. Majvor di fóònù mú sójú, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ojú aláìsàn. Tuva ò tíì kà á. Ó tún tẹ òmíràn ránṣẹ́. Kò tíì kà á. Ó rò ó pé ta ni ọmọ tó ń ṣègbéyàwó tí yóò máa wo fóònù? Ó wá ń gbàdúrà, òun tí kò gbàdúrà láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, pé kí wọ́n jẹ́ aláìbọ̀wọ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì, kí ọ̀kan nínú wọn yọ fóònù níwájú àlùfáà.

"Sáré sí i, Evert."

"Tí mo bá pa wá sójú títì, ta ló máa sọ fún wọn?"

Majvor dijú. Nínú orí rẹ̀, ṣíbí kékeré ń rì sínú agolo, ó ń jáde, ó tún ń rì. Ó ń rí ọwọ́ tó mú ṣíbí náà, kò rí ojú ẹni tó ni ọwọ́.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí owó ní ṣọ́ọ̀bù Hökamyra ní òun ò lè dárúkọ oníbàárà fún ẹnikẹ́ni, òfin ni. Majvor bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ ń kọ lu ọ̀rọ̀, ọmọ náà ń fà sẹ́yìn bí ẹni rí wèrè. Evert fi èjìká sún Majvor kúrò.

"Ọmọ mi, mi ò bi ẹ́ lórúkọ ẹnì kankan. Ibo ni wọ́n ti ń jó níbí lónìí?"

"Gbọ̀ngàn abúlé ni. Létí adágún." Ọmọ náà nawọ́ síta fèrèsé. "Gbogbo èèyàn ló mọ̀."

Wọ́n ti so òdòdó mọ́ ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Evert dúró síta láti pe ọlọ́pàá kó lè júwe ibẹ̀ fún wọn; Majvor wọlé. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, apẹ̀rẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó kún fún fóònù, bébà kékeré lórí rẹ̀ pé *Ẹ fi wọ́n síbí, ẹ wá bá wa yọ̀*. Ọ̀kan nínú fóònù wọ̀nyẹn ń tàn, ó ń kú, ó tún ń tàn.

Àwọn àlejò ti jókòó sídìí tábìlì gígùn, kọ́ọ̀bù kọfí wà níwájú kálukú. Kò sẹ́ni tó ń mu. Ọkùnrin kan tí orí rẹ̀ ń dán ló dìde dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó, bébà lọ́wọ́, ó ń sọ ìtàn bí ọmọ rẹ̀ ṣe já sínú adágún nígbà tó wà ní kékeré. Bàbá ìyàwó nìyẹn. Agolo funfun náà wà láàárín tábìlì, òdòdó yí i ká, ìdérí rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣíbí fàdákà dúró ṣánṣán nínú rẹ̀; wọ́n ti bù ú sínú kọfí.

Ọkùnrin tó so táì labalábá mọ́rùn ló wá pàdé Majvor. Alága àpèjẹ ni. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tí alága kò bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ la ẹnu nídìí tábìlì ìgbéyàwó, ì báà ṣe ìyá tó bí ọkọ.

"Ṣé ẹ wà lára àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀?" alága sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Rárá, mo ń bọ̀ láti..."

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró díẹ̀. Bàbá ìyàwó ló ń sọ̀rọ̀."

Majvor sì dúró. Ohun tí kò ní lè ṣàlàyé fún ara rẹ̀ nìyẹn nígbà tó bá yá: ikú wà lórí tábìlì, òun sì dúró, ó pa ọwọ́ pọ̀ níwájú, nítorí pé láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé a kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Ó gbọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe rẹ́rìn-ín sí ìtàn adágún. Ó rí ìyàwó, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ojú rẹ̀ kún fún àmì oòrùn, tó di kọ́ọ̀bù rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, tó ń retí kí bàbá rẹ̀ parí ọ̀rọ̀. Bàbá náà ká bébà rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí kọ́ọ̀bù.

Ohùn tí Majvor ò mọ̀ pé òun ní ló já jáde. "*Gift* ni!" ó ké. "*Gift* ni!"

Gbogbo orí yí padà. Lẹ́yìn náà ni gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti lọ́kọ ni, ìyá!" ni ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn, "ẹ kú ìdé, ẹ ti pẹ́!" Òmíràn ní àǹtí láti ibo rèé? Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gbé kọ́ọ̀bù sókè fún ọ̀rọ̀ náà, gbogbo wọn, bí ọmọ ogun. Òun ló fẹnu ara rẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n mu ún.

Ó sáré. Ìbàdí rẹ̀ gbá àga, àga ṣubú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di aṣọ tábìlì mú, ó fà á, òdòdó, àwo, kéèkì, agolo, gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀ gbàràgàdà. Nǹkan funfun náà tú sórí pákó ilẹ̀.

"Kì í ṣe tọkọ," ó wí, kò sí èémí nínú rẹ̀ mọ́. "Ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni. Èyí tí wọ́n fi ń pa kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀."

Kọ́ọ̀bù kan ṣì wà lókè. Ọwọ́ ìyàwó ló wà, etí rẹ̀ kan ètè ọmọ náà. Bàbá rẹ̀ fọwọ́ gbá a, ó fọ́. Ètè Tuva tutù. Ó wo Majvor, ojú rẹ̀ là kalẹ̀, kò mọ̀ bóyá ó yẹ kóun gbé itọ́ mì.

"Ṣé o ti mu?" ni Melker ń bi í. "Tuva, ṣé o ti mu?"

Ó mi orí. Ó tún mi orí lọ́nà kejì, bí ẹni tí kò dá ara rẹ̀ lójú.

Wọ́n fi omi fọ ẹnu rẹ̀, wọ́n mú un jókòó sórí koríko níta. Evert gbé fóònù sétí, ó ń tún ohun tí àwọn onímọ̀ májèlé ń wí wí: ẹ má jẹ́ kó sùn, ẹ má jẹ́ kó dá wà, ẹ máa wo ojú rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn ló yí ọmọ náà ká nínú aṣọ funfun, tí wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀, ọrùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá sín, obìnrin kan á figbe ta. Majvor kò lè wò ó. Koríko ló ń wò, kòkòrò pupa kan ń gun ewé, ó ń já bọ́, ó tún ń gùn ún.

Ọlọ́pàá dé, ọkọ̀ aláìsàn dé. Dókítà tan iná sójú Tuva, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó bi gbogbo wọn léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó gbé e mì. Ó ní májèlé náà kò wọ Tuva lára. Ó ní ọ̀rọ̀ gígùn bàbá ìyàwó ló yọ wọ́n. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, bàbá náà ló sì kọ́kọ́ sunkún.

Nígbà tí wọ́n ti fi ọ̀rá di agolo náà lọ, tí Majvor ti ṣàlàyé tán fún ọlọ́pàá, ẹnìkan se kọfí tuntun. Wọ́n gbé e jáde sórí tábìlì ìta, òórùn rẹ̀ ta sánsán, kò sì sẹ́ni tó súnmọ́ ọn. Àwọn àlejò dúró, wọ́n kó ọwọ́ sápò.

Tuva dìde. Ó bu kọ́ọ̀bù kan, ó gbé e wá síbi tí Majvor jókòó sí. Majvor nawọ́ gbà á, ọwọ́ náà dúró láàárín ọ̀nà. Kò fẹ́ kó dúró. Ó dúró ni. Ọmọ náà rí i.

Ó gbé kọ́ọ̀bù náà sẹ́nu ara rẹ̀, ó mu ún lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e mì níṣojú Majvor, ó sì tún na èyí tó kù sí i.

Majvor gbà á. Ó gbóná. Ó dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì ń rántí ọ̀sán tó gbé agolo síwájú fèrèsé, bó ṣe mì í sétí, tó gbọ́ ṣìrìṣìrì, tó sì dùn mọ́ ọn tó fi kọ ọ́ sórí ìkànnì pé ṣúgà ni, láìfi ọ̀bẹ ṣí i, láìfi nǹkan kan kan ahọ́n ara rẹ̀.