Àwọn Àgbò Aláwọ̀ Búlúù ní Àgbàlá Wa

Ohùn tí Ọlọ́run fún mi kì í ṣe ohùn tí ènìyàn fi ń sọ àṣírí. Bí mo bá sín nínú ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹni tó ń nájà ní Apọ́ngbọ̀n á kí mi pé pẹ̀lẹ́. Ìdí nìyẹn tí Ganiat, ọmọ ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní kánsù, fi sọ mí di oníkéde. Kánsù a máa fi ìkéde ránṣẹ́ sórí fóònù, òyìnbó ló sì máa ń jẹ́. Ganiat á túmọ̀ rẹ̀ fún mi, á gba ohùn mi sílẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí gbogbo àdúgbò lórí Wọ́sáàpù. Mo ti kéde abẹ́rẹ́ àjẹsára, mo ti kéde ọjọ́ ìmọ́tótó. N ó kọ́kọ́ bú wọn díẹ̀, n ó gbàdúrà fún wọn gbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ kánsù á wà láàárín bí ẹyin inú mọ́ínmọ́ín.

Lọ́dún yìí, Iléyá bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Kánsù ní òjò ńlá ń bọ̀ ní Ọjọ́rú, pé lọ́rì àwọn tó ń kó gọ́tà á wọ àdúgbò wa ní Ọjọ́bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má so àgbò mọ́ ẹ̀bá gọ́tà. Àgbò tí wọ́n bá bá lójú ọ̀nà, wọ́n á kó o lọ.

Èyí le fún àwọn èèyàn wa. Àgbò Iléyá kì í ṣe ohun tí à ń gbé pamọ́. Iwájú ilé là ń so ó mọ́, kí ẹni tó ń kọjá lè dúró, kó di ìwo rẹ̀ mú, kó béèrè ibi tí a ti rà á. Mo mọ̀ pé tí mo bá kàn kéde, wọn ò ní gbọ́. Mo bá fi tèmi kún ti kánsù. Mo ní kí wọ́n kó àgbò wọn wá sí àgbàlá ilé wa, mo sì ní, "Bí àgbò ẹnikẹ́ni bá dàrú mọ́ ti ẹlòmíràn lọ́wọ́ mi, ẹ má gbọ́ ìkéde mi mọ́ láyé."

Wọ́n kó wọn wá. Ganiat ní kí n ra ọ̀dà, kí n fi sàmì sí wọn lára.

Mo ní, "Ọ̀dà kẹ̀? Ṣé ilé là ń kùn ni?"

Búlúù tí mo fi ń fọ aṣọ funfun wà nílẹ̀. Mo pò ó kó ki dáadáa, mo fà á ní ìlà sí àgbò Mọ̀núrù aládùúgbò wa lẹ́yìn, mo fi yí bìrìkìtì sí ti Hàwáwù, mo kun ti àwọn tó kù bó ṣe wù mí. Ó dára lójú mi débi pé mo jókòó, mo ń wò ó.

Òjò Ọjọ́rú dé lọ́sàn-án bí kánsù ṣe wí. Ó rọ̀ bíi pé ẹnìkan ló ń da garawa. Nígbà tó dá, tí mo ṣílẹ̀kùn àgbàlá, gbogbo àgbò ti di aláwọ̀ sánmà láti orí dé ìrù. Ìlà ti lọ, bìrìkìtì ti lọ. Èmi tí mo fi ẹnu ara mi kéde òjò ni mo lọ fi ohun tí omi ń fọ̀ sàmì sí ẹran. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ní láti wá nǹkan jókòó lé. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ohun tí mo búra, ẹ̀rín sì tán.

Àwọn yòókù ò ṣòro. Ọ̀kan ní àpá lójú, ọ̀kan kúrú bí àpótí, tèmi ló rù jù, kò sí ẹni tó fẹ́ jí i. Àmọ́ ti Mọ̀núrù àti ti Hàwáwù, ọ̀dọ̀ mọ̀là ẹlẹ́ran kan náà ni wọ́n ti rà wọ́n. Funfun ni méjèèjì, ìwo wọn bára mu. Ọ̀kan kàn tóbi ju èkejì lọ ni. Títóbi yẹn ni ìjà.

Mọ̀núrù ń ta bàtà ní Ọjà Balógun, ẹnu rẹ̀ mú. Ó wo àgbàlá, ó ní, "Ìyá, ṣé àgbò ni mo gbé wá síbí, àbí yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé?"

"Fi mí sílẹ̀, Mọ̀núrù. Èwo ni tìrẹ?"

"Èyí tó tóbi."

Hàwáwù, ìyá Qaanitah, ti wọlé tẹ̀lé e. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àgbò àkọ́kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ rà rèé. Ó rọra ní, "Bàbá Salahudeen, ẹ jọ̀ọ́, èyí tó tóbi, tèmi ni mo rò pé ó jẹ́."

"Ìyá Qaanitah, ẹ rò ni, ẹ ò mọ̀."

"Ẹ̀yin náà ń kọ́? Ṣé ẹ mọ̀ ni?"

Kò mọ̀. Ọjà ló máa ń wà látàárọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń fún àgbò lónjẹ. A pe àwọn ọmọ. Ọ̀kan nawọ́ sí ńlá, ìkejì nawọ́ sí kékeré, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Hàwáwù náà, Lafiaji ló ń lọ lójoojúmọ́ láti tọ́jú ìyá rẹ̀. Èrò ti pé lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ tí obìnrin kan wí lẹ́yìn mi pé, "Ọdún tó ń bọ̀, iwájú ilé mi ni n ó so tèmi mọ́. Kí kánsù wá gbé èmi àti ẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju ẹ̀gún lọ. Bí ohùn mi bá ti di yẹ̀yẹ́, ta ló máa gbọ́ nígbà tí mo bá ní kí wọ́n kó gọ́tà?

Ibi tí a wà nìyẹn nígbà tí Yéwándé, télọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú tó gba ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wa, ti ọjà dé pẹ̀lú aṣọ tó lọ rà. Mo ro ẹjọ́ fún un.

Ó ní, "Màmá, ẹnu ọ̀nà mi kọ́ ni ìyá Qaanitah so tiwọn mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á? Ọ̀rẹ́ mi ni. Bí mo bá ti ń wa ẹ̀rọ, n ó máa ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí àgbò náà. Ẹ tú àwọn méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ ṣí ọ̀dẹ̀dẹ̀."

A tú wọn sílẹ̀. Yéwándé wọ ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ wà á. Kò rán nǹkan kan, ó kàn ń wà á. Èmi ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀ pé kí ó jẹ́ ńlá, nítorí opó. Ńlá dúró, ó ń jẹ okùn aṣọ mi. Kékeré gbé orí sókè, ó gba àárín gbogbo wa kọjá, ó tẹ Mọ̀núrù lẹ́sẹ̀, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, ó lọ gbé imú lé itan Yéwándé.

Hàwáwù lè jiyàn. Ó lè ní ebi ló ń pa á, ẹran ò mọ nǹkan kan. Ó wo ńlá lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni ń wo aṣọ tí owó rẹ̀ ò ká, ó ní, "Ó ti dáhùn. Tèmi nìyẹn. Ẹ mú tiyín, Bàbá Salahudeen."

Mọ̀núrù tó ti ń pariwo látẹ̀ẹ̀kan wá ń họ orí. Ó ní kí Hàwáwù má bínú. Obìnrin tó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi tún ní, "Ó dáa, àgbò ò ṣáà dàrú." Mo dá a lóhùn pé, "O ṣeun, àgbà ìyá. Lọ mú tìrẹ, kí o nù ún lára."

Lọ́jọ́ kejì lọ́rì dé, àgbàlá wa ni àwọn àgbò ṣì wà, kò bá ọ̀kankan lójú ọ̀nà. Wọ́n kó gọ́tà wa títí omi fi ń ṣàn. Nígbà tí Iléyá dé tí wọ́n bó ẹran, irun lásán ló pọ̀ lára ti Mọ̀núrù. Ti Hàwáwù ló sanra, ọ̀rá rẹ̀ kún abọ́. Mọ̀núrù ní ohun tí mọ̀là tà fún òun, bùláńkẹ́ẹ̀tì ni.

Hàwáwù fi àwo gbé odidi itan lọ fún Yéwándé. Yéwándé wò ó, ó bojú.

Ó ní, "Mi ò lè jẹ ẹ́, ìyá Qaanitah. Ọ̀rẹ́ mi ni."

A bá a kẹ́dùn. Ó wá ṣí àwo náà wò lẹ́ẹ̀kejì.

"Ṣé ẹ ti fi ata sí i ni, àbí èmi ni n ó fi sí i?"